Ẹ Jẹ́ Kó Mí Kí A Tó Bò Ó

“Ó ṣì ń mí. Ẹ jẹ́ kó mí tán ná, kí a tó bò ó.”

Gbólóhùn méjì péré nìyẹn, àmọ́ òun ló sọ Onírọ́bà sí àtìmọ́lé. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀ ló gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìròyìn ti tàn káàkiri pé aláago, ẹ̀gbọ́n Onírọ́bà, jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kò sì dé ilé, òun àti kẹ̀kẹ́ tó gùn. Obìnrin náà kò lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sínú mọ́. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọlọ́pàá ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Onírọ́bà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó hàn gbangba pé wọn kò tíì pẹ́ tú u. Sájẹ́ǹtì tí gbogbo ayé ń pè ní Tún-un-sọ dúró létí kòtò, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìwé kíkọ kò yá ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, orí ló ń kó o sí, kó sì tó wọlé dáadáa, ó di dandan kí wọ́n tún un sọ. Àwọn akọ̀wé inú àgọ́ fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Sájẹ́ǹtì mọ gbogbo ẹni tó ti fi ṣe ẹlẹ́yà rí, ó sì mọ ọjọ́ tí oníkálukú ṣe é.

Ṣọ́bìrì Kọ́púrà kan ohun kan tó rọ̀. Ó dúró.

“Bàbá,” ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Nǹkan wà níbí.”

Ó jẹ́ ọmọbìnrin tí kì í bẹ̀rù, òun ló ń wa ọkọ̀ Sájẹ́ǹtì láti ọdún méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì mú ohun náà, ó fà á. Ó gùn, ó rọ̀, ó mọ́ gaara, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá sáré sẹ́yìn.

“Awọ ni! Awọ ènìyàn ni!”

Tún-un-sọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án, ó gbé e sókè, ó sì wo ojú ọ̀run láti inú rẹ̀. Ó rí ìkùukùu. Ó ju ohun náà sílẹ̀.

“Rọ́bà ni. Rọ́bà tí Onírọ́bà fi ń bo ara mọ́tò. Ẹ gbẹ́ ẹ tán.”

Wọ́n gbẹ́ ẹ tán. Rọ́bà ni látòkè délẹ̀, ó ká jọ bí èèpo tí ejò bọ́ sílẹ̀.

“Ta ló ń sin rọ́bà?” ni Kọ́púrà bèèrè.

Aránṣọ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ewúrẹ́ mi méjì ló jẹ ẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Àtìgbà tí mo ti bá a jà nítorí rẹ̀ ló ti ń sin ín.”

“Ìyá, a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀! Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Ẹ ò bi mí.”

*

Ọ̀gá àgọ́ kò fẹ́ gbọ́ nípa rọ́bà. Ó kéré sí Tún-un-sọ lọ́jọ́ orí ní ọdún mẹ́sàn-án, àmọ́ “ìwọ” ló ń pè é, àtọjọ́ tó ti dé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára Sájẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá ti pe ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀, etí rẹ̀ a kọ́kọ́ wá bóyá “ìwọ” ni tàbí “ẹ̀yin”.

“O ò rí òkú,” ni Ọ̀gá wí. “Kò burú. Èmi ní ẹlẹ́rìí, mo sì ní ìdí tó fi pa á. Aago mẹ́sàn-án lọ́la, Onírọ́bà ń lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.”

“Ṣé ẹ ti bi í léèrè nípa ohun tí aránṣọ gbọ́, sà?”

“Rárá o! Ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Iwájú adájọ́ ni mo ti máa là á mọ́ ọn lójú. Bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, á ti wá irọ́ kan dè mí kó tó di àárọ̀.”

Tún-un-sọ kí i, ó jáde. Ó mọ ohun tí lọ́la túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn sọ sí ẹ̀wọ̀n, irun rẹ̀ á funfun níbẹ̀ kí adájọ́ tó rántí pé ó wà láyé.

*

Onírọ́bà kò gbé ojú sókè nígbà tí Tún-un-sọ àti Kọ́púrà wọlé tọ̀ ọ́. Ó tínrín, omi ọṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ ti bó o ní ìka.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?”

“Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó ṣáájú yín. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà.”

“Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?”

“Ó di ọdún mẹ́rin. Mo ti ìrìn àjò dé, mo bá erùpẹ̀ tútù lórí ibojì ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti sin wọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ọ̀nà mi jìn.”

“O bínú.”

“Bínú kẹ̀? Mo kórìíra wọn. Kí wọ́n máa lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá gba iwájú, èmi á gba ẹ̀yìn.”

“Tún un sọ.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́?”

“Títí á fi wọ̀ mí létí.”

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè pẹ̀lú ìbínú, ó tún un sọ, ó fi èébú méjì lé e. Tún-un-sọ di ojú, ó ń gbọ́. Nǹkan kan ń rá a ní agbárí bí kòkòrò inú igi. Aláago fi ọdún mọ́kànlá ju àbúrò rẹ̀ lọ. Òun ló gbé e pọ̀n dàgbà, òun ló fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka aago.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa Kọ́púrà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Kí lo gbọ́?”

“Mo gbọ́ pé ó kórìíra ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́. Bàbá, ẹjọ́ yìí ti parí.”

“Báwo ló ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀?”

Kọ́púrà ronú. “‘Wọ́n.’ Ó ń pè é ní wọ́n.”

“Ó ń bú u, ó ń pè é ní wọ́n. Ó ń ṣépè, wọ́n náà ni. Ìbínú ọdún mẹ́rin kò rí ‘wọ́n’ gbà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ wá ní ó sọ pé, ‘Ó ṣì ń mí.’ Ta ni ‘ó’?”

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tó pa á tán ni ọ̀wọ̀ tán.”

“Wọn kì í pa ènìyàn kí ẹ̀kọ́ ilé apani sì tún kú pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ká padà lọ bá aránṣọ.”

*

Aránṣọ ń ran ọrùn ẹ̀wù. Nígbà tó rí wọn, ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Ẹ tún un sọ, Ìyá.”

“Ọlọ́run ò! ‘Ó ṣì ń mí. Ẹ jẹ́ kó mí tán ná, kí a tó bò ó.’ Àkọsílẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ yín.”

“Àkọsílẹ̀ ò létí. Ẹ di ojú yín. Ẹ wà nídìí ẹ̀rọ yìí, ó wà ní ẹ̀yìn pákó. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ tún un sọ.”

Obìnrin náà di ojú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ṣì ń mí. Ẹ jẹ́ kó mí tán ná...’”

“Ẹ dúró. Sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní sà.”

“Sà kò sí nínú àkọsílẹ̀.”

“Ṣé sà ló pa ènìyàn ni?”

Kọ́púrà bo ẹnu. Tún-un-sọ kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó bá ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwà ibi sọ̀rọ̀ lórí òkú kì í ní “ẹ jọ̀ọ́ sà”. Oníbàárà ni wọ́n ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ tún un sọ.”

“‘...kí a tó bò ó. Bí a bá bò ó báyìí, ara rẹ̀ á bó.’” Ó la ojú. “Mi ò sọ ìyẹn ní àgọ́ yín, ẹnu mi kò gbà á. Ara ọmọ ènìyàn, ara rẹ̀ á bó!”

“Ó tán?”

“Ó tán.”

“Ẹ tún un sọ.”

“Sájẹ́ǹtì, ẹ fẹ́ pa mí! Ó wá ní, ‘Ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́.’ Mo rò pé ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.”

“Ọgbọ̀n ọjọ́ kí ni?”

“Kó fi mí. Ó ní kí wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó fi mí...”

Aránṣọ gbé ẹnu dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

“Ìyá,” ni Kọ́púrà wí, “ẹni tó ń kú lọ, ta ló ń fún un ní oṣù kan kó fi mí?”

“Yéè! Mo ti ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n!”

Ẹ̀rín ń pa Kọ́púrà títí wọ́n fi dé inú ọkọ̀. Sájẹ́ǹtì ń wo iwájú. Bí kì í bá ṣe aláago ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti fò lọ, aláago sì wà níbì kan láti ọjọ́ kẹjọ, kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀.

*

Tún-un-sọ rú òfin Ọ̀gá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó sì sọ ohun tí aránṣọ gbọ́ fún Onírọ́bà, láìyọ “sà” sílẹ̀.

Onírọ́bà wò ó. Ó wo Kọ́púrà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí.

“Ọ̀dà ni! Ọ̀dà mọ́tò ni! Ṣé torí ọ̀dà lẹ ṣe tì mí mọ́lé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta?”

“Ṣé ọ̀dà ń mí ni?”

“Ọ̀dà tuntun ń mí, Sájẹ́ǹtì. Bí akunmọ́tò bá kun ún lónìí, ojú rẹ̀ lè gbẹ lọ́la, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Atẹ́gùn ń ti inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní mímí nìyẹn. Bí ẹ bá fi rọ́bà bò ó kí ó tó mí tán, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ara mọ́tò á bó. Ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Ọ̀dà tó bá ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò wá nìkan ni kò ní wàhálà, ìyẹn ti jó nínú iná.”

“Ta lò ń bẹ̀ ní ‘sà’?”

“Agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá. Mọ́tò dúdú rẹ̀, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó rà á.” Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà wà báyìí, ó ti gbàgbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. “Láti ìgbà tó ti rà á ló ti ń ṣiyèméjì. Ṣé kí òun bò ó, ṣé kí òun má bò ó? Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, ‘Alàgbà, ọ̀nà òkúta lẹ̀ ń gbà, ẹ sì fẹ́ lò ó pẹ́; ẹ bò ó.’ Á ní òun ń lọ rò ó. Ó tún dé, ó ní ẹnìkan sọ fún òun pé rọ́bà máa ń pọ́n bí eyín arúgbó. Mo fi èyí tó ti lo ọdún márùn-ún hàn án, kò pọ́n. Ó tún ń lọ rò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí ni òun fẹ́ wọ ẹ̀wù òjò fún mọ́tò tó rẹwà fún? Ó rò ó títí bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó kejì.”

“Ọjọ́ Ẹtì wá ńkọ́?”

“Ó dé láago méje àárọ̀, mi ò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n bò ó, kí n parí rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ṣé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi mọ́tò sílẹ̀, ó lọ. Mo fi ọwọ́ ra iwájú rẹ̀ lápá òsì, mo sún mọ́ ọn, ó ń rùn. Ọ̀dà ọjọ́ mẹ́ta. Mo pè é sórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá wa mọ́tò rẹ̀ lọ, kò dágbére. Kí ẹ tó mú mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ti gbọ́ pé ó ti gbé e lọ bò ní ìlú kejì.”

Tún-un-sọ ka ọjọ́ sẹ́yìn lórí ìka. Ẹni tí kò lè pinnu fún oṣù mẹ́fà, tó wá pinnu láàárín òru kan, nǹkan ló ń lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo ló ṣáájú Ìṣẹ́gun?

“Níbo ni Agbaṣẹ́ṣe ń gbà lọ sílé?”

“Ọ̀nà ibi ìfọ́kúta. Kò sí ọ̀nà mìíràn.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù, níbo ni wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ wọn lọ?”

“Ọ̀nà ibi ìfọ́kúta náà ni.” Onírọ́bà dìde dúró bí ẹni pé wọ́n pè é láti òde.

“Sájẹ́ǹtì,” ó wí, “ẹ mú mi lọ síbẹ̀.”

*

Ọ̀gá fún wọn ní àyè títí di aago mẹ́rin. “Bí o bá padà wá lófo,” ó wí, “aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa bọ́ ọ.”

Agbaṣẹ́ṣe jókòó sí ìloro ilé rẹ̀, ó ń mu tíì. Mọ́tò dúdú náà wà nínú ọgbà, ó ń dán. Tún-un-sọ fi Onírọ́bà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Kọ́púrà, ó dá wọlé, ó ṣí fìlà.

“Ẹ káàsán, sà. Ọ̀gá mi ló rán mi. Wọ́n ra mọ́tò tuntun, wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá kí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Gbogbo ènìyàn ní ẹ̀yin ni kí n bi.”

Ojú Agbaṣẹ́ṣe tó ti le nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá rọ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọlọ́lá bí i kí wọ́n wá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀.

“Kí wọ́n bò ó! Kí ni wọ́n ń rò? Òkúta ọ̀nà yìí kò mọ ẹni ńlá.”

“Ìgbà wo lẹ bo tiyín, sà?”

“Ọjọ́ tí mo rà á gan-an. Oṣù mẹ́fà ń lọ. Kó tó rí òjò ni mo ti bò ó.”

“Ẹ dákun, ẹ tún un sọ, sà. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ bí ẹ ṣe rán mi.”

Agbaṣẹ́ṣe tún un sọ, ó tilẹ̀ na ìka sí mọ́tò.

“Kò sì síbi tí wọ́n ti tún un kùn?”

“Mọ́tò wo? Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ látorí dé ìdí.”

“Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.” Tún-un-sọ yíjú sí ẹnu géètì, ó gbé ọwọ́ sókè. Kọ́púrà mú Onírọ́bà wọlé. Ife tíì dúró láàárín afẹ́fẹ́.

“Ẹ mọ arákùnrin yìí, sà?”

“Èmi? Mi ò rí i rí.”

“Ó ní ẹ wá sọ́dọ̀ òun lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò yìí kò ní rọ́bà kankan lára. Ọ̀kan nínú yín ń purọ́, sà, ó sì dáa tí a ní adájọ́ tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ilé iṣẹ́, a óò ṣí rọ́bà kúrò, ọ̀dà kò ní bó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tí kò tíì mí tán, á tẹ̀lé e jáde.”

“Ẹ ò ní fọwọ́ kan mọ́tò mi!”

“Kí a wọ́ ọ lọ sí àgọ́ nígbà náà, kí a ṣí i lójú ọ̀nà, kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín wá wòran? Ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu.”

Agbaṣẹ́ṣe wo ojú ọ̀nà. Ó wo mọ́tò. Kò lè pinnu. Tún-un-sọ sì bá a pinnu.

“Omi gbígbóná,” ni Onírọ́bà wí.

Ìyàwó Agbaṣẹ́ṣe ló gbé kẹ́tùlù jáde, obìnrin ọlọ́yàyà kan tó rò pé oníṣẹ́ rọ́bà ló wá tún iṣẹ́ ṣe. Onírọ́bà da omi sí ìlẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó fi èékánná gbé etí rọ́bà, ó fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ṣí. Ọ̀dà wà níbẹ̀, ó ń dán bí dígí.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Agbaṣẹ́ṣe kígbe. “Ṣé ẹ rí i?”

“A rí i,” ni Tún-un-sọ dáhùn. “Apá òsì, iwájú.”

“Ẹ̀yin náà!” ni ìyàwó wí. “Ibi tí màlúù gbá yẹn? Bàbá wọn ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o.”

Tún-un-sọ yíjú sí i.

“Màlúù wo, Ìyá?”

“Èyí tó já lu mọ́tò wọn lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Wọn ò sọ fún yín ni?” Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọ̀yàyà rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. “Bàbá? Ṣé kì í ṣe màlúù ni?”

Onírọ́bà ti da omi sí apá òsì. Ó fa rọ́bà, ọ̀dà dúdú sì tẹ̀lé e, ó ń bó bí awọ ibi tí iná ti jó ènìyàn, ó ń dún ṣàrà. Pọ́tì aláwọ̀ eérú ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi dí ibi tó wọnú. Lẹ́bàá iná iwájú, níbi tí irin ti ṣẹ́ po, ìkánjú kò jẹ́ kí akunmọ́tò nu ibẹ̀ mọ́. Àwọ̀ ewé díẹ̀ wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ.

Onírọ́bà fi ìka kàn án.

“Àwọ̀ ewé ni kẹ̀kẹ́ wọn,” ó wí. “Èmi ni mo bá wọn kùn ún.”

Agbaṣẹ́ṣe ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíì ti dà sí i lára, kò mọ̀.

“Mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn,” ó wí. “Mo fi Ọlọ́run búra. Mo gbé e sínú mọ́tò, mo gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ó ń sọ̀rọ̀. Mo ń wakọ̀ lọ, mo sì ń rò ó. Mo ní bí mo bá gbé e dé ibẹ̀, wọ́n á bi mí. Bí wọ́n bá bi mí, iṣẹ́ ìjọba tí mo fẹ́ gbà ti lọ nìyẹn. Mo dúró ní oríta, mo jẹ́ kí mọ́tò máa dún. Mo rò ó, mo rò ó...”

“Ilé ìwòsàn wà lápá ọ̀tún oríta,” ni Tún-un-sọ wí. “Ibo lẹ yà sí?”

“Nígbà tí mo máa fi wo ẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ibo lẹ yà sí, sà?”

“Òsì. Ibi ìfọ́kúta wa àtijọ́. Inú kòtò.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé kẹ́tùlù kalẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Kí ni wọ́n ń sọ?” Onírọ́bà ló bèèrè. Kò yíjú kúrò lára mọ́tò. “Ẹ ní wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń sọ?”

Agbaṣẹ́ṣe kò lè wò ó. “Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ránṣẹ́ sí àbúrò òun.”

*

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé ibi ìfọ́kúta pẹ̀lú okùn àti ọkùnrin mẹ́fà. Kòtò náà jìn tó ilé alájà mẹ́ta. Òkúta ńlá ńlá yí i ká, omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, dúdú, kò mì. Ìdajì táyà kẹ̀kẹ́ kan yọrí nínú omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Onírọ́bà. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́.

“O ti gba òmìnira. Aṣìṣe ni. Máa lọ sílé, àwọn ènìyàn wa á gbé e jáde.”

Onírọ́bà gba okùn lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó mú un dání, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó dán kókó rẹ̀ wò. Ọlọ́pàá náà wo Ọ̀gá, Ọ̀gá wo Tún-un-sọ.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Tún-un-sọ wí.

Ọkùnrin náà kọjú sí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń já bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kọ́púrà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbòòji òkúta ti dé ààrin kòtò kí okùn náà tó mì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkùnrin mẹ́fà dì í mú. Kò ṣí kúrò. Ó wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí ẹni méjì ló wà nídìí rẹ̀. Tún-un-sọ bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta, ó di okùn náà mú lẹ́yìn wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà.